Ẹ̀rọ Tí Ń Yí Irin: Tòkunbọ̀ Ni Kí A Rà Tàbí Tuntun?

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ yọ níbẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ewìrì, owú àti ẹ̀mú ni irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ní ayé òde òní, ẹ̀rọ kan wà tí kì í lu irin rárá. Yíyí ni ó ń yí i, tí ọ̀bẹ kan sì ń fá a díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí bí a ti fẹ́ kí ó rí. Léètì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Tọ́nà ni wọ́n sì ń pe ẹni tí ó ń lò ó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi sọ dá lórí ìbéèrè kan tí ọ̀dọ́mọdé tọ́nà ní Èkó máa ń bi ara rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá: ṣé ẹ̀rọ tuntun olówó pọ́ọ́kú tí ó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà bọ̀ ni kí òun rà ni, tàbí ẹ̀rọ àgbà, èyí tí a ń pè ní tòkunbọ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa?

Ẹnì kan lè wí pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ irin yíyí. Ìdáhùn mi kò gùn. Bí èdè kan kò bá lè sọ nípa iṣẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń jẹun, èdè ọdún ìbílẹ̀ nìkan ni yóò dà. A ń kọ́ oríkì Ògún ní kíláàsì. Ó yẹ kí á mọ ohun tí àwọn ọmọ Ògún ń ṣe ní òde. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ náà dé inú ilé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ti parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tọ́nà. Ó ti ń dá àjọ láti ọjọ́ pípẹ́, ìyá rẹ̀ sì ti fi lára owó gàárì tí ó ń tà kún un. Owó náà kò lè ra ẹ̀rọ méjì. Bí ó bá ra èyí tí kò dára, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà oníṣẹ́.

Kí ni ẹ̀rọ yìí, kí sì ni ó ń ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Irin gígùn kan wà ní ìsàlẹ̀ tí ohun gbogbo jókòó lé. Bẹ́ẹ̀dì ni àwọn tọ́nà ń pè é. Orí ẹ̀rọ wà ní ọwọ́ òsì, inú rẹ̀ ni ọ̀pá tí mọ́tò ń yí wà, ẹnu tí ó ń gé irin mú sì wà ní iwájú ọ̀pá náà. Ìrù rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún, òun ni ó ń ti irin gígùn lẹ́yìn kí ó má baà máa jó. Ohun tí ó gbé ọ̀bẹ wà láàrin méjèèjì, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Òyìnbó pè é ní gàárì ẹṣin, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó gun bẹ́ẹ̀dì gẹ́gẹ́ bí gàárì ti í gun ẹ̀yìn ẹṣin. Bí ọ̀bẹ bá gbọdọ̀ gé ẹsẹẹsẹ bíi ti ara bóòtù, ọ̀pá ẹlẹ́sẹẹsẹ kan ni ó máa ń fa gàárì lọ ní ìwọ̀n tí a ti ṣètò pẹ̀lú eyín jíà. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń jẹ́ Henry Maudslay ni ó sọ irú ẹ̀rọ yìí di ohun tí a lè gbójú lé ní nǹkan bí ọdún 1800.

Iṣẹ́ wo ni tọ́nà ń fi í ṣe ní Èkó? Awakọ̀ dánfó yóò gbé ìlù bíréèkì tí ó ti jẹ wá kí ó bá òun fá a. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta yóò gbé ọ̀pá tí bíárìn ti jẹ lára rẹ̀ wá. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò láti etí Marina lọ sí Àpápá àti Ìkòròdú a máa gbé ọ̀pá tí ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ wá. Nígbà púpọ̀, nǹkan tí wọ́n ń wá kò sí ní ọjà mọ́, tàbí kí ó wà kí owó rẹ̀ ju agbára wọn lọ. Tọ́nà ni yóò bá wọn dá a. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ tọ́nà kan bá ṣe iṣẹ́ tí kò pé, kì í ṣe òun nìkan ni ó pa lára; ó pa aláta lára, ó sì lè pa èrò inú ọkọ̀ lára pẹ̀lú.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa

Láyé àtijọ́, ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó ní irú ẹ̀rọ báyìí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó ní ọdún 1896, tí wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Ẹ̀búté Mẹ́tta ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ni ó kọ́ iṣẹ́ irin níbẹ̀. Marina ni àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò òyìnbó kọ́ ọ́fíìsì wọn sí, kí wọ́n lè máa wo ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà láti ojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté Àpápá ní ọdún 1926, ẹrù ńláńlá ré kọjá sí òdìkejì omi. Ti Tin Can Island sì tẹ̀lé e ní ọdún 1977. Ṣùgbọ́n ìwé ẹrù kò kúrò ní Marina. Títí di òní, ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ àwọn aláṣẹ èbúté, NPA, wà, ibẹ̀ sì ni báǹkì ńláńlá tí ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé Form M wà. Ẹ̀rọ lè gúnlẹ̀ sí Àpápá, ṣùgbọ́n Marina ni wọ́n ti ń ṣírò iye tí yóò jẹ́.

Ìṣirò yìí ni ó sì ń da ọ̀rọ̀ rú. Ní ọdún 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní ọdún 1986, ó di nǹkan bí náírà 4 ní ọdún 1987. Ìgbà náà ni ohun àlòkù láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ láàrin wa, nítorí pé tuntun ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti tó nǹkan bí 1,500. Ẹ jẹ́ kí á wò ó báyìí: ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 2,000 ní òkè òkun, náírà 920,000 ni lákọ̀ọ́kọ́, ó di mílíọ̀nù 3 ní èkejì, láìtíì san owó ọkọ̀ àti owó ibodè. Ẹ̀rọ kò yí padà, òṣìṣẹ́ kò yí padà, owó nìkan ni ó yí padà. Ẹni tí ó ń dá àjọ bọ̀ láti ọdún 2021 yóò rí i pé ẹ̀rọ ń sá fún òun bí òjìji.

Kò sì jẹ́ pé a kò gbìyànjú láti ṣe tiwa. Ní Òṣogbo, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ HMT ti ilẹ̀ Íńdíà, kí á lè máa rí ẹ̀rọ léètì rà láìré òkun kọjá. Síbẹ̀, òkun ni ọ̀pọ̀ tọ́nà ṣì ń wò.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò

Tòkunbọ̀, orúkọ ènìyàn ni. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni à ń sọ ní Tòkunbọ̀, Adétòkunbọ̀ tàbí Ọlátòkunbọ̀. Ohun ìwúrí ni orúkọ náà jẹ́. Nígbà tí mọ́tò àti fìríìjì àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn ènìyàn fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ pé àwọn náà ti òkun bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ tuntun láti Ṣáínà ti òkun bọ̀ pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní tòkunbọ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti ṣí kúrò lórí òkun, ó ti lọ sórí ọjọ́ orí. Bí ọlọ́jà bá sọ pé «tòkunbọ̀ ni,» ohun tí ó ń sọ ni pé ó ti gbó ṣùgbọ́n ojúlówó ni. Bí ó bá sì sọ pé «ti Ṣáínà ni,» ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbọ́ ni pé tuntun ni ṣùgbọ́n kò lè pẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di ìdájọ́ kí a tó wo ẹ̀rọ rárá. Ibẹ̀ ni ewu wà, nítorí pé a lè fi ọ̀rọ̀ ra ẹ̀rọ dípò ojú.

Ẹ̀rọ kékeré tuntun

Ẹ̀rọ tuntun tí owó rẹ̀ kéré jù ni èyí tí a lè gbé sórí tábìlì. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 40 lọ. Irin tí ó lè yí kò fẹ̀ ju nǹkan bí mílímítà 180 lọ, gígùn rẹ̀ kì í sì í sábà ju 350 lọ. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Iná inú ilé lásán ni ó ń lò. Jẹnẹrétọ̀ tí kò tóbi púpọ̀ lè gbé e. Ẹni tí ń gbé yàrá kan lè fi í sí igun. Ó dára fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́: bóòtù kékeré, àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ ìránṣọ, ohun èlò ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá tọ́nà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àgbàlagbà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá, sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Mo bi í pé, «Bàbá, ṣé ẹ̀yin lè ra irú èyí?» Ó ní, «Ọmọ mi, ẹ̀rọ tí ó dé nínú páálí yẹn, ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n tà fún ọ. Ìdajì yòókù, ọwọ́ ara rẹ ni yóò parí rẹ̀.» Òdodo ni ó sọ. Ẹni tí ó bá ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tú u, kí ó nu gírísì tí wọ́n fi pa á kí ó má dógùn-ún lórí omi, kí ó yọ erùpẹ̀ irin tí ó bá kù sínú rẹ̀, kí ó sì tún gbogbo ibi tí ń rìn dè kí ó má mì. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè ṣe èyí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò máa bú ẹ̀rọ.

Ìṣòro méjì kù tí ọwọ́ kò lè tún ṣe. Àkọ́kọ́ ni ìwúwo. Irin tí ó wúwo ni í gba ìpayà ọ̀bẹ mọ́ra. Bí ẹ̀rọ bá fúyẹ́, yóò máa gbọ̀n, ojú iṣẹ́ yóò sì rí wúruwùru. Ìlù bíréèkì tí ó bá fẹ̀ ju mílímítà 180 kò tilẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo pátákó ẹ̀lẹ́kítíróníkì láti darí eré mọ́tò. Bí iná bá gòkè lójijì, gẹ́gẹ́ bí ó ti í ṣe ní àdúgbò wa, pátákó náà lè jóná. Tọ́nà lè gé jíà tí ó kán, ṣùgbọ́n kò lè fi irin gé pátákó ẹ̀lẹ́kítíróníkì.

Kí n má ṣe ojúsàájú, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ Ṣáínà ni ó rí báyìí. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní CA6140 wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2, ó lè yí ohun tí ó fẹ̀ tó mílímítà 400, mọ́tò rẹ̀ sì jẹ́ kílówáàtì 7.5. Ẹ̀rọ iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tí ó bá fi ti orí tábìlì ṣe ìdájọ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ni ó wò tí ó fi ń sọ̀rọ̀ màlúù. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó àjọ ẹnì kan.

Ẹ̀rọ àgbà

Àwọn tòkunbọ̀ tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ irin ni Colchester, ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1887, Harrison tí òun náà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àti South Bend ti Amẹ́ríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1906. Colchester kan tí wọ́n ń pè ní Student, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lò, lè wúwo tó kílò 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwúwo yìí ni ọrọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ kò sì ní àṣírí: jíà ni, ọ̀pá ni, bíárìn ni, bẹ́líìtì ni. Ohunkóhun tí ó bá kán lára rẹ̀, a lè fi ẹ̀rọ léètì mìíràn dá òmíràn.

Àwọn Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹ̀rọ àgbà ní àkísà. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe fún ẹlòmíràn wà lára rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀dà tuntun bò ó. Ibi tí ó burú jù kí ó jẹ ni bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé láti tún bẹ́ẹ̀dì fá kí ó tún tẹ́jú, owó rẹ̀ lè ju owó tí a fi ra ẹ̀rọ lọ.

Ìṣòro èdè òǹkà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń ka íǹṣì, ṣùgbọ́n mílímítà ni ọ̀pọ̀ bóòtù mọ́tò òde òní ń lò. Íǹṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4. Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ íǹṣì gé ẹsẹẹsẹ mílímítà gẹ́lẹ́, ó nílò jíà eléyín 127, nítorí pé 25.4 lọ́nà 5 ni 127. Bí jíà yìí kò bá bá ẹ̀rọ wá, kí ẹni tí ń rà á ti fi owó rẹ̀ kún ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ iná

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá ni ó ń lo iná onífésì mẹ́ta, fóltì 415. Ojúlé tí fésì kan ṣoṣo bá dé kò lè tan irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà: kí á san owó kí wọ́n fa fésì mẹ́ta wá, kí á pààrọ̀ mọ́tò sí onífésì kan, tàbí kí á ra àpótí tí ń sọ fésì kan di mẹ́ta, bí mọ́tò náà bá jẹ́ irú tí a lè tún wáyà rẹ̀ so fún fóltì 220. Ẹ̀rọ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ní ti ara rẹ̀: iná ibẹ̀ ń lù ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń lù ní ìgbà 50. Nítorí náà, mọ́tò tí ń yí ìgbà 1,740 ní ìṣẹ́jú kan lọ́hùn-ún yóò yí nǹkan bí ìgbà 1,450 níhìn-ín, bí fóltì rẹ̀ bá tilẹ̀ bá tiwa mu.

Bí a ṣe ń dán tòkunbọ̀ wò

Ohun tí àwọn àgbà oníṣẹ́ kọ́ mi nìyí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá kí ó lè wúlò fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Èkíní, gbé gàárì lọ sí ìtòsí orí ẹ̀rọ, níbi tí iṣẹ́ ti ń pọ̀ jù. Fún ìdè rẹ̀ títí yóò fi le díẹ̀ láti tì. Wá yí i lọ sí ìhà ìrù. Bí ó bá ń le sí i títí tí ó fi há, bẹ́ẹ̀dì ti jẹ ní ìhà orí.

Èkejì, yí ọwọ́ tí ń ti ọ̀bẹ síwájú, kí o sì yí i padà. Wo bí ọwọ́ náà ṣe ń yí lásán tó kí ọ̀bẹ tó mira. Díẹ̀ kò burú; bí ó bá pọ̀, ẹsẹẹsẹ inú rẹ̀ ti jẹ. Èyí ṣeé tún ṣe.

Ẹ̀kẹta, fi irin gígùn sí ẹnu ẹ̀rọ, kí o gbìyànjú láti gbé e sókè sílẹ̀. Bí orí bá ń mì, bíárìn rẹ̀ ni kí o bi olówó rẹ̀ léèrè.

Ẹ̀kẹrin, tan án, kí o gbọ́ ohùn jíà ní gbogbo eré rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí o tan ẹ̀rọ, má san owó fún un.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ: fá irin kan, kí o sì wọn orí àti ìdí rẹ̀. Irun orí ènìyàn kò nípọn ju nǹkan bí 0.1 mm lọ, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí bíárìn yóò jókòó lé kò gbọdọ̀ ní àṣìṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu olówó ẹ̀rọ lè purọ́, irin tí ó fá kò lè purọ́.

Èwo ni kí á rà?

Lójú tèmi, ìbéèrè náà kì í ṣe «tuntun ni tàbí àlòkù,» bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe «Ṣáínà ni tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.» Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí á bi ara wa. Irú iṣẹ́ wo ni yóò wọ ẹnu ọ̀nà mi? Iná wo ni ó wà ní ojúlé mi? Bí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́, ṣé ọwọ́ mi lè tún un ṣe? Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wẹ́wẹ́, tí fésì kan sì ni iná rẹ̀, kí ó ra kékeré tuntun, kí ó sì ya owó sọ́tọ̀ fún pátákó tí yóò jóná lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó fẹ́ jẹun lára ìlù bíréèkì, ọ̀pá ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta, kékeré kò ní bọ́ ọ. Kí ó wá tòkunbọ̀ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yege, kí ó sì ka owó iná mọ́ owó ẹ̀rọ. Bí bẹ́ẹ̀dì kò bá yege, kí ó yí padà, ì báà jẹ́ orúkọ tí ó lókìkí jù lọ ní ayé ni wọ́n kọ sí i lára. Ohun tí mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà nìyí, pé kí ó má ra ohunkóhun láì mú ọ̀gá rẹ̀ dání, kí ó sì gbé irin tí yóò fá sínú àpò.

Ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin ará ilé ẹ̀kọ́ kò pọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè kà á, nítorí náà wọ́n ń gba ohun tí ọlọ́jà bá sọ gbọ́. Bí ẹgbẹ́ wa bá lè jókòó pẹ̀lú àwọn tọ́nà Ìsàlẹ̀ Èkó, Mushin àti Òwódé Onírin, kí á kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn jọ, kí á sì tẹ ìdánwò márùn-ún tí mo kọ sókè yìí sí ojú ìwé kan ṣoṣo tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè mú lọ sí ọjà, a ó ti ṣe ohun tí yóò gba owó àjọ ẹnì kan là. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá. Ẹ jẹ́ kí á fi èdè wa mú un yé wọn kí wọ́n tó sanwó.